Afẹ́fẹ́ Tó Wọ Ọwọ́ Matthias

Aládé-Ìdànrè

Adétáyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ Ìbàdàn. Bí òkè Ìdànrè ṣe dúró tí kò yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀ níbi iṣẹ́ táyà tí o ń ṣe níbẹ̀. Ara mi le, kòkó ti ń pọ́n, ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n ó ti jẹ ọ̀kan nínú ṣòkòtò tí o fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Matthias ló mú mi kọ̀wé, Matthias ọmọ Bernadette ẹ̀gbọ́n mi, tó ń fẹ́ táyà lójú títì. Nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ó fi rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù bí gbogbo yín ṣe máa ń ṣe. Irin sì ti gún un lọ́wọ́ láàárọ̀, ojú egbò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbà wọlé. Kí ó tó délé, ọwọ́ ti wú títí dé ọrùn, ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde, ó sì ń rẹ́rìn-ín pé kò dun òun. Táyọ̀, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, abẹ́ awọ ọmọ náà ń dún pàrà-pàrà bí ìgbà tí èèyàn ń rìn lórí ewé kòkó gbígbẹ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ohùn rẹ̀ wá di tín-ín-rín, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀. A ṣí gbogbo fèrèsé, a ní kí ẹnikẹ́ni má dúró lójú ọ̀nà, kí afẹ́fẹ́ náà lè rí ibi gbà lọ. Kò lọ. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́, dókítà ní afẹ́fẹ́ náà ti ń wá ọ̀nà àyà rẹ̀.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú nìyí. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, o ní wáyà táyà kan gún ọ lọ́wọ́ díẹ̀. Bí o ṣe ń sọ ọ́ ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún pàrà-pàrà, ohùn tìrẹ náà sì di tín-ín-rín. O ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo mọ ìró yẹn, Táyọ̀, ìka mi ti gbọ́ ọ rí. Mo yára fi omi àdúrà wọ́n fóònù náà kí afẹ́fẹ́ má baà gba etí mi wọlé, láti ìgbà náà kò tanná mọ́. Mo gbà pé èyí tó wà nínú rẹ̀ ti jáde, ṣùgbọ́n èyí tó wà lára rẹ ńkọ́?

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, kí n ra fóònù tó ń fi ojú èèyàn hàn. Ọwọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ kí n rí i, kí o tó gbé ojú. Lọ rí dókítà, má ní egbò kékeré ni. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Má sì fi rọ́bà yẹn fẹ́ ara rẹ mọ́. Bí eruku bá pọ̀ lára rẹ, máa bọ̀ nílé, èmi á gbọ̀n ọ́n.

Olúwa yóò fi Ẹ̀mí Mímọ́ kún inú rẹ, afẹ́fẹ́ mìíràn kò ní ráyè níbẹ̀. Àmín.

Má ránṣẹ́ sí mi pé kò dùn ọ́ o. Kò dun Matthias náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Olúrónkẹ́