Ìyá Onílẹ́tà, Ẹni Tí Ó Wá Yàrá fún Lẹ́tà Wa

Ní ọdún 1944 ni wọ́n bí Màmá, ní yàrá òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, sínú ìdílé bíríkìlà tí kì í rí ògiri tó wọ́ kó má wó o kọ́ padà. Aránṣọ ni ìyá tó bí wọn lọ́mọ. Ọ̀dọ̀ bàbá ni Màmá ti jogún agídí, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti jogún ojú tó ń rí ohun kékeré. Àwọn tó mọ̀ wọ́n dáadáa sọ pé agídí ló pọ̀ jù nínú ogún náà. Àwọn ni àkọ́bí, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn àbúrò wọn gbàgbé bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀.

Màmá ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì yege. Ní ọdún 1960, dípò kí wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé tó wà ní igun òpópónà, níbi tí wọn kò ti gba obìnrin rí. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí wọ́n máa gbálẹ̀ ná. Màmá gbálẹ̀, àmọ́ gbogbo lẹ́tà òjé, èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ láti fi tẹ̀wé, tó bá já bọ́ ni wọ́n ń ṣà padà sínú ihò tirẹ̀ nínú àpótí, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ọdún tó yí po, ọ̀gá ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó ti fi iṣẹ́ títo lẹ́tà lé wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ títí láé, pé lẹ́tà tí kò bá ní ihò tirẹ̀, sísọnù ni yóò sọnù.

Ní ọdún 1968, Màmá di aya Baba Aláago, tí ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọ ilé ìtẹ̀wé náà. Baba máa ń sọ pé aago ọwọ́ Màmá ló bàjẹ́ tí àwọn fi mọra. Màmá ní irọ́ gbuu ni, pé kò sóhun tó ṣe aago náà, Baba ló ń dá a dúró kí àwọn lè tún padà wá. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1986 ni kọ̀ǹpútà wọ ilé ìtẹ̀wé, tí àpótí òjé di ohun tí wọ́n gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí iṣẹ́ tí Màmá ṣe lè yé ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Àwọn tó ṣe é ti fẹnu kò láti nǹkan bí ọdún 1963 pé nọ́ńbà báyìí ni A, báyìí ni B, kí ẹ̀rọ kan lè gbọ́ ti èkejì. Àdéhùn dáadáa ni, ṣùgbọ́n yàrá inú rẹ̀ kò pọ̀, èdè tiwọn ni wọ́n sì fi kún un. Nígbà tí wọ́n wá fẹ̀ ẹ́ lójú, lẹ́tà àwọn aládùúgbò wọn àti àmì owó ni wọ́n kó sí i. Lẹ́tà tiwa tó ní àmì lórí, tó ní lábẹ́, kò ríbi jókòó.

Màmá kò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ya lẹ́tà wa lọ́kọ̀ọ̀kan sójú ẹ̀rọ, wọ́n lé àwọn àmì owó òkèèrè jáde, wọ́n sì kó lẹ́tà wa wọlé. Nọ́ńbà tó jẹ́ àmì owó níbòmíràn wá di lẹ́tà lọ́dọ̀ wọn. Ìwé jáde, ó mọ́ kedere. Ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìwé orin, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ́ tọ̀ wọ́n wá, orúkọ náà, Ìyá Onílẹ́tà, sì lẹ̀ mọ́ wọn. Bí yàrá kan kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́, wọn a gbé lẹ́tà kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn, bí ẹni ń tún pálọ̀ ṣe.

Láti ọdún 1991 ni àdéhùn tuntun ti jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Yúníkóòdù. Ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí kì í yí padà láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Àkọ́bí Màmá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣètò kọ̀ǹpútà, bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n kó iṣẹ́ wọn sínú rẹ̀. Màmá dáhùn pé, “Ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, o ní kí n kó jáde, kí n lọ háyà?” Baba Aláago rọra dá sí i pé aago tó ń sọ àkókò tirẹ̀ nìkan kò lè mú ẹnikẹ́ni bá ọkọ̀ ojú irin. Màmá ní kí Baba gbájú mọ́ aago. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ẹni tó bá mọ Màmá mọ̀ pé ó parí lóòótọ́.

Ní ọdún 2004, Baba kú. Màmá kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ìwé ètò ìsìnkú náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n tò ó. Nígbà tó ku ọ̀la, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn dákú, ọmọ wọn kejì sì gbé dísìkì tí iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀ lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan lódìkejì ìlú. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kò mọ ètò Màmá. Ọ̀gá ibẹ̀ rí ohun tó jáde, ó rò pé èdè òkèèrè ni, ó bọ̀wọ̀ fún un, kò yí ohunkóhun padà. Lójú sàárè ni Màmá tó ṣí ìwé náà. Níbi tí ó yẹ kí orúkọ ọkọ wọn wà, àmì owó àti àmì ìbéèrè ni wọ́n bá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run gbìyànjú láti kà á, ó pa á dé. Ẹnì kan tiẹ̀ ṣàwàdà pé Baba Aláago, tí kò lépa owó rí, owó wá kún ara wọn lọ́jọ́ àtilọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n jókòó sábẹ́ àwọn aago ara ògiri, wọ́n pe àkọ́bí, wọ́n ní, “Orúkọ bàbá rẹ, mo tì í mọ́ yàrá tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Tí n bá kú ńkọ́?” Ó dùn wọ́n wọra. Kì í ṣe Baba nìkan ló wà níbẹ̀. Gbogbo òkú àdúgbò, gbogbo orin, gbogbo ìwé ọmọdé tí wọ́n ti tẹ̀ wà nínú ètò tí ẹ̀rọ ògbólógbòó kan ṣoṣo lè kà, ẹ̀rọ náà sì ti ń dẹnu kọlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá àti ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde. Ọmọ kọ ètò tí yóò máa pààrọ̀ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n nítorí pípààrọ̀ yàrá tí Màmá ń ṣe láyé ọjọ́un, nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ lẹ́tà nínú ìwé yìí, kó jẹ́ àmì owó gidi nínú tọ̀hún. Nítorí náà, Màmá fojú ara wọn ka ohun gbogbo lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń kà, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àpótí dísìkì kan ti hu, kò ṣe é gbà là. Títí ayé ni wọ́n ń dárò rẹ̀. Ní ọdún 2009, wọ́n tún ìwé ìsìnkú Baba tẹ̀, wọ́n sì ń gbé e kiri ilé gbogbo ẹni tó wá síbi ìsìnkú, láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á fi lé ẹni náà lọ́wọ́, wọ́n á dúró tì í títí yóò fi ka orúkọ náà sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ ara wọn pa ètò àtijọ́ náà rẹ́.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń fi bírò ṣàtúnṣe ìwé orin nígbà tí ìwàásù bá gùn. Gbọ̀ngàn ilé ìjọsìn ni wọ́n ti kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní títẹ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti ń jẹun nídìí rẹ̀.

Màmá sùn nínú Olúwa ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ní ọdún 2023, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: aṣètò kọ̀ǹpútà, awakọ̀ ojú irin àti nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi àwọn ọmọ-ọmọ sílẹ̀ nílé àti lókè òkun, pẹ̀lú àbúrò méjì tí wọ́n ṣì ń bẹ̀rù wọn títí di òní.

Orí fóònù àkọ́bí ni wọ́n ti kọ ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Àbíkẹ́yìn ṣàtúnṣe rẹ̀ láti òkè òkun, ilé ìtẹ̀wé tí kò mọ Màmá rí ló tẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ tí kò lè wá sì ń kà á lórí ẹ̀rọ tiwọn ní wákàtí yìí. Orúkọ Màmá àti ti Baba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní iwájú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè kí wọ́n gbọ́.

Ìyá Onílẹ́tà, ẹ má wẹ̀yìn mọ́. Orúkọ ọkọ yín pé, tiyín náà pé. Ẹ sinmi, ẹ sùn dọ́jọ́ àjíǹde.