Ẹní Ìkírun Tí Ẹ Ká

Màámi, Sùlíyá Àjọkẹ́, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí a ń pe orúkọ yín nínú àdúà, tí ẹ ò jẹ́ wa.

Ṣọ́ọ̀bù pọ̀nmọ́ yín ní Oko Ọba ò tíì kú. Èmi Fàúsát, àkọ́bí yín, ni mo wà níbẹ̀. Àwọn oníbàárà yín ní ènì tèmi ò tó tiyín. Hàmdálàt àbúrò mi ti lọ sílé ọkọ ní Ọgbà. A ti kan òrùlé ilé Ifako, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì sùn nínú yàrá tí ẹ ní tiyín ni.

Màámi, ẹ̀rù ń bà mí.

Nǹkan oṣù tèmi náà ti dáwọ́ dúró. Ooru òjijì tó ń mú yín tú gèlè láàárín ọjà ti dé sára mi. Bí mo bá wọ balùwẹ̀, mo máa ń yẹ aṣọ mi wò.

Nǹkan oṣù tiyín ti lọ tipẹ́ kó tó tún yọjú. Ẹ ká ẹní ìkírun yín bí obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù ti ń ṣe, ẹ ní, "Ọlọ́run tún ti sọ mí di ọmọge o! Mo gba ìsinmi ìrun." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ tó bá padà lè jẹ́ àìsàn ilé ọmọ. Ìgbà tí a fi máa dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nọ́ọ̀sì Uswat ti ń wá sí àsàlátù wa báyìí. Ó ń la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, àwọn ìyá kan sì ń fi ìbòrí bojú. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, tó bá padà, ẹ má kàn ká ẹní. Ẹ wá bá mi."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Modinat, àbúrò yín. Wọ́n pe ìrun alásárì, Àǹtí ò dìde. Ẹní wọn wà ní kíká lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń dun àwọn. Mo rántí ẹní tiyín tí ẹ ká, mo sì pe Uswat. Èmi àti Uswat la jọ mú wọn lọ sí ọsibítù ní Ikeja, àwọn dókítà sì mú nǹkan díẹ̀ nínú ilé ọmọ Àǹtí lọ yẹ̀ wò. Wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Orí ẹní yín ni mò ń kírun báyìí. Àárò yín ń sọ wá, Màámi, ìfẹ́ yín ò sì kúrò lọ́kàn wa. Ṣùgbọ́n mò ń bẹ Ọlọ́run, kí àbúrò yín má tíì wá bá yín.