Ẹ̀dà Méjì fún Ilé Ìkàwé: Ìgbésí Ayé Màmá Abigail Àṣàkẹ́ Oyèdòkun (1953–2025)

Ní 1953 ni a bí Màmá Abigail Àṣàkẹ́ ní agboolé Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Joel Ọlátúnjí, télọ̀, ni bàbá wọn. Marian Àbẹ̀ní ni ìyá wọn. Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1973.

Ní 1975, Alhaji Mashood, oníṣòwò ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, gbé wọn níyàwó. Ọlọ́run fi Mubaraq ta wọ́n lọ́rẹ. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ẹbí méjèèjì tú wọn ká, ọmọ sì dúró lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ní 1983, wọ́n di aya Tíṣà Stephen Oyèdòkun, tó ti ṣáájú wọn lọ.

Láti 1980 títí di 2013, Màmá ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹ̀dà ìwé tí a tẹ̀ pamọ́ kó má baà parun. Ìwé ìsìnkú ni Màmá fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ibẹ̀ nìkan ni orúkọ mẹ̀kúnnù ti ń wọ ìwé. Níbi òkú yòówù, kí oúnjẹ tó délẹ̀, ẹ̀dà méjì ti wọ báàgì wọn. Háà, ojú máa ń ti àwa ọmọ!

Nígbà tí ìyá wọn papòdà ní 2009, àwọn àgbà ilé yọ orúkọ Mubaraq kúrò láàárín àwọn ọmọ-ọmọ nínú ìwé ìsìnkú. Màmá fi ẹ̀dà méjì ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kì í fi bírò tún ìwé òkú ṣe. Nígbà tó yá, ilé ìkàwé ya àwọn ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà. Mubaraq ṣí ti ìyá àgbà lórí fóònù, ó wá orúkọ ara rẹ̀ títí, kò rí i. Ó pe Màmá. Ẹkún ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n wá kìlọ̀ fún wa pé, bó bá kan ìwé òkú tàwọn, ká má fi àwọn parọ́.

Ìyá Ìjọ tòótọ́ ni Màmá. Nígbà tí àìsàn dé, ilé Mubaraq ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbé. Mùjídàt, ìyàwó rẹ̀, tọ́jú wọn bí ìyá tó bí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mubaraq á fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á sì jókòó síta dè wọ́n. Ilé Mubaraq náà ni wọ́n ti sùn nínú Olúwa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn àgbà tún ní ká fo orúkọ kan. Kí wọ́n má bínú, a kọ̀.

Àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn wọn ni Mubaraq tó jẹ́ àkọ́bí, Olúwaníyì, àti Àánúolúwapọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ni Asiyah, Israfil, Praise àti Daniel.

A ti yọ ẹ̀dà méjì sọ́tọ̀ nínú ìwé yìí. Mubaraq ni yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Ẹ sùn re, Màmá. Orúkọ pé.