Bàtà Òjò Tàbí Aṣọ Funfun

Tómilọ́lá, ọmọ ọmọ mi,

Kàósárà, ìyàwó ará ilé kejì wa, tó ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré ìdí odò, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá wí ni kó kọ, kó má fi ọ̀rọ̀ òyìnbó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kó má sì yọ èébú kúrò níbi tí mo bá ti bú ọ. Ó ti gbà.

Ṣé dáadáa lo wà ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo? Ṣé onílé rẹ ti tún òrùlé yẹn ṣe? Ọlọ́run tó fún ọ níṣẹ́ kò ní jẹ́ kí iná lọ nígbà tí o bá ń wo ọkàn ènìyàn lọ́wọ́. Ojú tí o fi ń wo inú ẹlòmíràn kò ní ṣókùnkùn, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Àmín. Kàósárà náà ti ṣe àmín.

Gbogbo wa wà ní Ìwàrà níbí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Orogún mi Sẹ̀gilọlá ní abo ni tòun, mo ní kó lọ bí tirẹ̀. Béjidé àbúrò bàbá rẹ ti kó ọmọ igi kòkó dé láti Iléṣà, wọ́n wà lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, gbòǹgbò wọn sì ti ń yọ jáde nísàlẹ̀ ọ̀rá. Nítorí wọn ni mo ṣe ń ránṣẹ́ sí ọ.

Ọjọ́ tí mo wá sí ọ́sípítù yín nítorí èémí mi tó máa ń gé bí mo bá ń gun òkè oko, o mú mi wọ yàrá kan tó ṣókùnkùn tó sì tutù, o ní kí n bọ́ aṣọ dé ìbàdí, ìwọ tí èmi fi ọwọ́ mi wẹ̀ fún. O fi mí dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, o ní kí n fi ọwọ́ rọrí bí ọ̀lẹ obìnrin. O lẹ nǹkan mọ́ mi láyà, o sì fa okùn sí i, mo rò pé o fẹ́ fi iná sí mi lára bí ẹni ń ṣájì fóònù ni. O wá fi nǹkan tó ń yọ̀ bí ilá pa mí láyà, o ń ti orí ẹ̀rọ yẹn bọ àárín egungun ìhà mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú ẹní.

Mo rí ọkàn mi nínú gíláàsì. Ó ń yanu, ó ń panu dé, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ láti inú apẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí o tẹ nǹkan kan, pupa jáde, aró náà jáde. Pupa yé mi. Mo bi ọ́ pé ta ló da aró sí mi lọ́kàn, torí àwọn ará ilé ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ń rẹ aró, èmi ò rẹ ẹ́ rí. O rẹ́rìn-ín, o ní ẹ̀rọ ló ń fi àwọ̀ sí i kí ẹ lè mọ ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ. Ó dáa. Mo tún gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ẹni ń fọ aṣọ tó wúwo létí odò. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, n ò kí i rí. Mo kí i kú iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, o dá ọwọ́ dúró sí ojú kan, o wò ó, o fa ìlà sí i, o wọ̀n ọ́n bíi télọ̀, o tún wò ó. Mo ní kí lo rí. O ní, Màmá, dókítà ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

Tómilọ́lá, ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ọjọ́ tí bàbá bàbá rẹ kú sóko, bàbá rẹ ti Ìbàdàn dé, kò tíì gbọ́. Mo bu omi fún un. Ó bèèrè bàbá rẹ̀, mo ní kó jókòó, àwọn àgbà ilé máa bá a sọ̀rọ̀. Ó gbé omi náà sílẹ̀, kò mu ún. Ó ti mọ̀. Bí a ṣe ń túfọ̀ òkú nìyẹn nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kò sí ẹni tó ń pe àgbà wá kó wá sọ fún ènìyàn pé iṣu rẹ̀ ta. Nítorí náà mo gbọ́ ohun tí o sọ. Mo nu àyà mi, mo ró ìró mi. Wọ́n ní dókítà ti lọ ìpàdé, kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀. N ò wá. Kí ni mo tún fẹ́ wá gbọ́?

Mo mọ̀ pé o ti ń pè. Mo ti yọ bátìrì kúrò nínú fóònù, mo gbé e sínú agolo iyọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa rí ọ̀nà gbà wọlé. Béjidé ní ìpè tí o ti pè á máa tò jọ síbẹ̀, ọjọ́ tí mo bá dá bátìrì padà, gbogbo wọn á dé. Mo ti gbé òkúta lé agolo náà.

N ò sunkún. Mo sọ fún Sẹ̀gilọlá. Ó ní bí mo bá ń lọ, kí n fi ìkòkò irin ńlá sílẹ̀ fún òun. Mo ní kó dúró ná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi láìbéèrè, ohun tí kò ṣe rí látìgbà tí a ti jọ ń fẹ́ ọkọ nínú ilé yìí. Ẹ̀kọ yẹn bà mí lẹ́rù ju ẹ̀rọ yín lọ.

Kàósárà ló wá gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn fi jí. Ó ní òfin iṣẹ́ yín ni, pé ìwọ ló ń ya ọkàn, dókítà ló ń sọ ohun tó wà níbẹ̀, àti pé bí ọkàn mi bá le bíi ti ẹṣin, ohun kan náà ni o máa wí. Mo ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Èmi ń ra obì. Bí mo bá tú apẹ̀rẹ̀ tí mo bá kòkòrò níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń sọ fún olóbì. Ó ní ẹni tó bá sọ ọ́ nínú yín, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n kòkó kò lè dúró. Ilẹ̀ tèmi wà lórí òkè, a kì í sì í jẹ kòkó lọ́dún tí a gbìn ín. Bí mo bá máa rí èso rẹ̀, èmi ni màá gbìn ín. Bí n ò bá ní rí i, kí Béjidé gbìn ín sí tirẹ̀, kí n jókòó sílé.

Nítorí náà, lọ bá dókítà, bi í. Ẹnu rẹ ni òfin dè, kò de ọwọ́ rẹ. Àwọn bàbá wa máa ń pàrokò, ẹni tó bá tú u á mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì la ẹnu. Awakọ̀ tó ń kó obì wá sí Òṣogbo ló mú ìwé yìí wá, òun náà ni kó o rán padà. Bí ọkàn mi bá dáa, fi bàtà róbà òjò ránṣẹ́, èyí tó gùn dé orúnkún, kó fẹ̀ díẹ̀ níwájú nítorí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Bí kò bá dáa, fi aṣọ funfun ránṣẹ́, má ra olówó gọbọi. Kàósárà ní ó lè wà láàárín méjèèjì, pé ọkàn àgbà lè máa fà díẹ̀ kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó egbòogi sínú bàtà náà. Fi owó díẹ̀ fún epo àti ọṣẹ kún un. Ìyẹn kì í ṣe àrokò, owó lásán ni.

Bó bá jẹ́ bàtà ni, màá wọ̀ ọ́ wá kí dókítà ní Ọjọ́bọ̀.

O ò ní fi ojú rẹ rí ohun tí ọkàn tìrẹ kò ní lè gbé. Ọkọ tí yóò fẹ́ ọ kò ní jẹ́ ẹni tí o máa wo inú rẹ̀ kó o tó mọ̀ ọ́n. Àmín.

Bó bá jẹ́ bàtà, Béjidé ni kó o kọ́kọ́ sọ fún, kó lọ ṣán ilẹ̀ mi, lẹ́yìn náà bàbá rẹ. Bí egbòogi bá wà nínú rẹ̀, sọ fún Kàósárà, òun ló máa ka ìlò rẹ̀ fún mi. Jẹ́ kí Sẹ̀gilọlá ṣe ìkẹyìn, torí ó ti ń fi mílíìkì sí ẹ̀kọ náà báyìí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ aṣọ funfun, òun ni kó o kọ́kọ́ sọ fún, kó tó kan bàbá rẹ pàápàá. Òun ló máa jókòó tì mí.