Ohun Tí Mo Sọ Nípa Rẹ fún Ọ̀gá Olówó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó jókòó ti iṣẹ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní sùn. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀, mo ń wọlé mo ń jáde, àná ni mo rán apá méjèèjì aṣọ ìyàwó tíṣà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀gá kan pè mí, wọ́n ní àwọn wà lára àwọn tó fẹ́ fi owó sí iṣẹ́ ìfọṣọ tí o ń ṣe nínú fóònù. Bí omi ṣe ń wọ ibẹ̀ tí fóònù ò bàjẹ́, mi ò tíì mọ̀, nítorí tèmi já sínú korobá lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ kó tó fọhùn. Wọ́n ní àwọn máa ń wádìí ẹni kí àwọn tó náwó lé e lórí. Mo ní háà, bí àna ṣe ń wádìí ọmọ nìyẹn, ìyá wo ló sì ń tú àṣírí ọmọ rẹ̀ fún àna? Mo tún gèlè wé, mo gbé fóònù sétí dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́.

Wọ́n bi mí bóyá nǹkan kan ti bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ rí. Mo ní láéláé. Mi ò mẹ́nu ba adìẹ tí o sìn tó kú tán, mi ò mẹ́nu ba ọṣẹ tí o sè tó kọ̀ tí kò hó. Wọ́n bi mí bí ìwọ àti ọmọkùnrin tí ẹ jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ṣe mọra tó. Mo ní kí ọkàn wọn balẹ̀, ọmọbìnrin tí mo kọ́ ni ọ́, ẹ kì í tiẹ̀ wojú ara yín. Wọ́n ní kí la ń pè ọ́ nílé, mo ní Ìrọ̀rùn. Ìwọ, Ìrọ̀rùn! Wọ́n dúpẹ́, ohùn wọn sì ti tutù.

Nígbà tí àbúrò mi tó ń wa mọ́tò fún irú àwọn olówó bẹ́ẹ̀ gbọ́, ó káwọ́ lérí. Ó ní ẹni tó ti ṣubú tó sì dìde ni wọ́n ń wá, ẹni tí kì í gbọ́ fi-í-sílẹ̀, àti ẹnìkejì tó lè bá a jà láàárọ̀ kí wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó ní ẹni tí kò ṣubú rí, wọ́n gbà pé kò tíì rìn ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ọmọ mi. Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kó balẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo pè wọ́n padà, mo ní ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa. Mo sọ pé nígbà tí adìẹ kú, o sunkún, o jẹun, o sì lọ bi dókítà ẹran ní ohun tó pa wọ́n. Mo sọ pé o se ọṣẹ náà títí bàbá rẹ fi lé ọ jáde, o wá gbé ìkòkò lọ sẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ló ti hó. Mo sọ pé ìwọ àti ọmọkùnrin yẹn jiyàn láti ẹnu ọ̀nà wọ yàrá, ẹ sì jọ tún máṣíìnì ìránṣọ mi ṣe. Mo sọ pé Agídí ni gbogbo ilé ń pè ọ́ kí n tó ní kí wọ́n má pè ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, torí mo rò pé orúkọ náà máa dènà ọ̀nà rẹ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Màmá, ká ní ẹ̀yin lẹ lówó yìí, ṣé ẹ máa fi lé e lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ta lẹ rò pé ó ra adìẹ yẹn? Ta ló ra èlò ọṣẹ?"

Wọ́n ní àwọn máa pè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé fóònù kiri, títí dé balùwẹ̀, bẹ́ẹ̀ bátìrì rẹ̀ ò dáa mọ́. Jọ̀ọ́, fi owó bátìrì ránṣẹ́, kó má lọ jẹ́ pé wọ́n ń pè, kó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọlọ́run á gbé ọ ga, ibi tí wọ́n bá ti ní o ò lè dé, wàá débẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ò ṣe, má jókòó sunkún pẹ́. Tí mo bá ti tú apá aṣọ ìyàwó tíṣà tí mo sì tún un rán, owó díẹ̀ máa wọlé.

Èmi ni,
Ìyá Agídí.