Ẹ Má Wo Fídíò Yẹn

Bàbá Philip, ọkọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa ní Kánádà níbí.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi fídíò kan hàn yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má wò ó! Mo ń fọ abọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń kì yín ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Bólúwatifẹ́, ọmọ Philip, yọ́ dúró sẹ́yìn mi, ó fi fóònù ya fídíò mi, ó fi orin jágbajàgba sí i, ó gbé e sí Tíkítọ́kì. Àwọn èèyàn ń jó sí i! Ibi tí mo ti ń fi etí ìró nu ojú ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín jù. Philip ní kí n má bínú, pé ó ti gbòde. Kí ló gbòde? Oríkì ọkọ mi?

Oṣù mẹ́ta ni Philip àti ìyàwó rẹ̀ ní kí n wá fi bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Ọmọ náà ti ń sáré báyìí.

Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ.

Àjàgbé, mo ṣì ń kì yín láràárọ̀. Tí mo bá kì yín tán, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ lè ráyè dá mi lóhùn.