Òórùn Kàfúrà Nínú Bàálù

Mọ́ńdè, 9 Méè 1994
“Bàbá Nímọ̀! Tí bàálù bá kú sókè, ṣé ẹ óò sọ̀kalẹ̀ tì í ni?”
Màámi ló pariwo bẹ́ẹ̀. Gbogbo Bódìjà á ti gbọ́. Ọ̀gá Yáàdì — bàbá èmi Nímọ̀ nìyẹn — fẹ́ ra bàálù tòkunbọ̀. Kékeré, oníjókòó mẹ́rin. Àwọn tó jẹ́ pé Pijó tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tà ní yáàdì wọn ní Ring Road! Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Tọ́sìdeè, 12 Méè
Gbádérọ̀ tó fẹ́ tà á wá sílé. Dígí dúdú lójú, nínú pálọ̀! Ó ní tí Bàbá bá fẹ́, kí mẹkáníìkì bàálù wá láti Èkó wá tú u wò. Bàbá gbọ́ iye tó máa gbà, wọ́n fò dìde: “Odidi owó Pijó, torí kí wọ́n kàn wò ó? Màá gbọ́ dídún íńjìnnì ẹ̀ fúnra mi.” Onídígí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Sátidé, 14 Méè
Mo bá wọn lọ sí pápá bàálù. Bàbá fi ìka kan ara ẹ̀ kó-kó-kó, wọ́n ta táyà nípàá, bíi Pijó gẹ́lẹ́. Èmi yọ́ wọlé. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Òórùn kàfúrà!
Mo mọ òórùn yẹn. Tí ọkọ̀ tí omi ti wọ̀ bá dé yáàdì wa, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á da kàfúrà sábẹ́ ẹ̀ kí òórùn ẹrẹ̀ má bàa jáde. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ ra kàfúrà ọ̀hún.
Bàbá náà ki orí bọ inú bàálù. Wọ́n sín. Wọ́n wo Onídígí. Wọn ò béèrè nǹkan kan — wọ́n kàn ní kó já owó wálẹ̀. Ó já a. Kíá!

Sọ́ńdè, 15 Méè
Wọ́n rà á.

Túsìdeè, 17 Méè
Mo dán wọn wò. Mo ní, “Bàbá, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé fò o.” Ojú wọn yí padà. “Ìwọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Dókítà Olúwadáre ni mo fẹ́ tà á fún. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e.”
Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀!
Bàbá Túnráyọ̀ ni Dókítà. Àga kan náà lèmi àti Túnráyọ̀ jọ ń jókòó sí ní kíláàsì. Ó ti ń yangàn pé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fò.

Fúráìdeè, 20 Méè
Tí mo bá sọ fún Màámi, ariwo lásán ni. Wọ́n á tà á náà. Tí mo bá sọ fún Túnráyọ̀, á ní ìlara ló ń ṣe mí.
Pijó tí omi wọ̀, tó bá kú, èèyàn á sọ̀kalẹ̀ tì í.
Màá bá Bàbá lọ lọ́la. Kí Túnráyọ̀ tó wọlé, màá ti wà nínú bàálù, màá ti de bẹ́líìtì. Mi ò ní sọ̀kalẹ̀ — àfi tí Bàbá bá fi ẹnu ara wọn sọ ohun tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yẹn.
Mi ò ní sọ ètò yìí fẹ́nì kankan.